Iṣẹ́ Olùkọ́ Ju Ṣọ́ọ̀kì Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní T.P., ẹ̀yin ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ìwé ìròyìn wa mìíràn tó jáde, ìdí nìyí tí a fi ní kí á sọ ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ní ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí oníkálùkù yóò lọ mọ́ ara pátákó, a gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́yìn wa tó ní, "Kí ló wà nínú kí á kọ́ ọmọ pírámárì ní A, B, D? Kí á tó ṣẹ́jú, T.P. á ti parí." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí àwa pẹ̀lú ti rò ó nìyẹn ní ọdún tó kọjá kí á tó lọ. Ohun tí ojú wa rí lọ́hùn-ún ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Bí ènìyàn bá rò pé kí á dúró níwájú ọmọ kí á sì mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ni gbogbo iṣẹ́ olùkọ́, etí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi gbọ́ ọ, kò tíì fi ojú rí i.

TÍṢÀ LÁYÉ ÀTIJỌ́

Láti ìgbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1843 ni iṣẹ́ tíṣà ti pọ̀ ju ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ lọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá, tíṣà ló ń ka lẹ́tà tí ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ kọ sí ìyá rẹ̀, òun náà ló ń kọ èsì. Òun ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ nígbà tí aláṣẹ bá wọ ìlú, òun ni wọ́n ń pè bí tọkọtaya bá jà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's, Ọ̀yọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. D. O. Fágúnwà jáde níbẹ̀, olùkọ́ sì ni kí ó tó di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Olùkọ́ ni J. F. Ọdúnjọ tí ó kọ Aláwìíyé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ti ṣe tíṣà rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní òkè ọya níhìn-ín, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba òyìnbó ṣí ní Katsina ní 1922 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ni Abubakar Tafawa Balewa àti Ahmadu Bello ti jáde, àwọn méjèèjì ló sì kọ́kọ́ ṣe olùkọ́, ọ̀kan ní Bauchi, èkejì ní Sokoto. Èyí tó kàn wá jù ni ti Abubakar Imam, tí wọ́n bí ní 1911 ní Kagara, ìlú kan tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Niger wa yìí. Olùkọ́ ni ní Katsina nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé Hausa, kí wọ́n tó fi ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo ní 1939. Ẹ fi orúkọ Kagara sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

Lóòótọ́, àpọ́nlé olùkọ́ ti dín kù láti ìgbà náà wá. Ohun tó fà á kò ṣòroó rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, àti nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ U.P.E. ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ọmọ ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí omi, olùkọ́ kò sì tó. Ìpínlẹ̀ Niger àti U.P.E. jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà ni, nítorí oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ tí Minna sì di olú-ìlú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kaduna, kí wọ́n lè tètè kọ́ olùkọ́ púpọ̀ sí i. Kódà, ní Bosso tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí olùkọ́ bá ti di ọ̀pọ̀, tí owó oṣù sì ń pẹ́ kó tó dé, àpọ́nlé a máa fò lọ. Ṣùgbọ́n ojúṣe kò bá a fò lọ o.

IṢẸ́ TÍ ẸNÌ KAN KÌ Í RÍ

Ìdajì iṣẹ́ olùkọ́ ni kò sí ẹni tó ń rí i. Kí aago ilé-ẹ̀kọ́ tó lù ni a ti gbọdọ̀ kọ nóòtì ẹ̀kọ́: kí ni a fẹ́ kọ́ wọn, kí ni wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni a óò fi hàn wọ́n, ìbéèrè wo ni a óò fi mọ̀ pé ó yé wọn. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ lọ dà nóòtì ẹni tó lọ ní ọdún tó ṣáájú kọ. Ẹ̀kọ́ nípa omi ni, nóòtì náà sì ní kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ wo odò tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí odò kankan lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Alábòójútó tó wá wò ó ní ọjọ́ náà yọ ojú sí fèrèsé, ó wò yíká, ó wá rọra bi í pé, "Odò náà dà?" A kò lè gbàgbé ìtìjú ọjọ́ yẹn láé.

Ohun èlò ìkọ́ni náà ń bẹ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò ní í fún yín ní gbogbo rẹ̀. Páálí ni ẹ ó gé, ìdérí ìgò ni ẹ ó ṣà fún ìṣirò, agolo mílíìkì ni ẹ ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣe ìṣirò ìwé mímáàkì. Bí kíláàsì bá ní àádọ́rin ọmọ, tí a sì fún wọn ní iṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta lójúmọ́, ìwé 210 ni yóò dúró de olùkọ́ náà. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú kan péré wo ìwé kan, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ nìyẹn, lẹ́yìn tí ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó bá ní tíṣà a máa ṣíwọ́ ní aago méjì, kí ó wá bá wa ka ìwé wọ̀nyẹn.

ÒBÍ KEJÌ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ẹ mú dání jù lọ nìyí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì tí wọ́n fi àwa méjì sí, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ojoojúmọ́, bí aago mẹ́sàn-án bá ti kọjá díẹ̀, orun a gbé e lọ, a gbé orí lé bẹ́ǹṣì. Ní ọjọ́ kìíní a jí i. Ní ọjọ́ kejì a ní kí ó dúró. Ní ọjọ́ kẹta, a ti mú pàṣán.

Ìyá kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Kwara ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Minna. Malama ni àwọn ọmọ ń pè wọ́n, Màmá ni àwa ń pè wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì nà án. Ṣé ẹ ti bi í pé kí ló jẹ lónìí?"

A kò bi í. Kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn. Màmá pe ọmọ náà sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n fi Hausa bá a sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ló ń dìde láti bá ìyá àgbà gbé iná kalẹ̀ fún kókó àti àkàrà, ó ń gbé e lọ sí ìdí ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì ń gbà wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń ta oúnjẹ fún gbogbo ayé, òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Màmá fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ìyá àgbà yìí, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Wọn kò bá ìyá náà jà. Wọ́n kí i, wọ́n bá a jókòó, wọ́n yin ọmọ náà pé ó ní làákàyè, kí wọ́n tó wá sọ pé oorun kò jẹ́ kí làákàyè náà ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà kò mọ̀ pé ọmọ náà ń sùn ní kíláàsì. Ó rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí ọmọ ti ń sinmi. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí ọmọ máa bá a lọ ata àti ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì máa jẹ kókó tirẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Àwa kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan yí padà lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà ṣì ń sùn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí á tó parí T.P., ó ti ń ka ìwé ju ìdajì kíláàsì lọ. Àwa sì mọ̀ ní inú ara wa pé bí kì í bá ṣe Màmá, ẹgba ni à bá fi wo ebi sàn. Àwọn baba wa ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀kan nínú igba ojú yẹn ni olùkọ́. Bí ojú náà bá fọ́, ọmọ ti pàdánù.

ÈDÈ TÍ ỌMỌ GBỌ́

Ẹ̀yin náà mọ ìlú tí a wà. Gbagyi ló ni ilẹ̀, Tápà wà níbẹ̀, Hausa ni èdè ọjà, ojú irin sì ti kó àwọn baba wa wá síbí láti ìgbà tí rélùwéè ti kan Minna. Nínú kíláàsì kan ẹ lè bá èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún pàdé. Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ wọn ní ìdá nínú ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì kò wọlé, Hausa tiwa kò sì dán mọ́rán. Yorùbá bọ́ lẹ́nu wa láìròtẹ́lẹ̀: "Ẹ gé ọsàn sí mẹ́rin, ẹ mú ọ̀kan." Ojú ọmọ mẹ́ta là bí ẹni tó tan iná sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo àwọn tó kù, a mọ̀ pé bí ojú wọn ṣe dúdú yìí ni ti àwọn mẹ́ta yẹn ṣe ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ló wá túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èyí hàn tipẹ́. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí á máa fi kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ni. Ibi yòówù tí àṣẹ bá dorí kọ, olùkọ́ ló dúró níwájú ọmọ tí kò gbọ́. Ojúṣe wa ni kí á wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ ọmọ létí. Ẹ kọ́ Hausa tó tó pín oúnjẹ jẹ kí ẹ tó lọ. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ojú di Yorùbá, àwa náà kò gbọdọ̀ fi ojú di èdè ọmọlọ́mọ.

AKỌ̀WÉ ÀTI ẸLẸ́RÌÍ

Rẹ́jísítà ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ T.P. máa ń fi ṣeré jù. Àwọn kan a máa fi àmì kún gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má dán an wò. Ẹ̀rí ni rẹ́jísítà. Nígbà tí orúkọ ọmọbìnrin kan bá ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì, òfìfo yẹn ló ń sọ fún olùkọ́ pé bóyá ọmọ ń ṣàìsàn, bóyá wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìbátan, bóyá wọ́n sì ti ń múra àtifi fún ọkọ. Bí a bá ti fi irọ́ dí àyè yẹn, kò sí ẹni tí yóò béèrè ọmọ náà mọ́.

Bákan náà ni máàkì. Minna ni olú-ilé iṣẹ́ NECO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, wà. Nítorí náà kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìdánwò ṣàjèjì sí wa. Ọdún yẹn kan náà ni òfin tó de ojúṣàájú àti jìbìtì inú ìdánwò jáde, òfin náà kò sì yọ olùkọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tó kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún ọmọ rò pé òun ń ṣàánú ni. Bẹ́ẹ̀, ó ti jẹ́rìí sí ohun tí kì í ṣe òtítọ́. Ọmọ náà ni yóò wá di nọ́ọ̀sì tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Ta ni yóò dá a lóhùn?

ÀÀBÒ

A ní a óò padà sí Kagara. Ní òru ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Government Science College tó wà níbẹ̀. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 27, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ 3 àti ẹbí wọn 12 lọ. Ó di ọjọ́ 27 oṣù náà kí wọ́n tó gba ìdáǹdè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé kéwú ní Tegina, àwọn kan nínú wọn kéré débi pé wọn kò lè rìn jìnnà. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò nínú igbó. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó tún kan ilé-ẹ̀kọ́ St. Mary's ní Papiri, níbi tí wọ́n ti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ pẹ̀lú olùkọ́ 12. Kí oṣù Kejìlá tó parí ni ìjọba kéde pé àwọn tó kù ti gba ìdáǹdè.

Ìpínlẹ̀ wa ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ohun kan nínú rẹ̀: ní Kagara àti ní Papiri, olùkọ́ wà láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ. Ìlú tó bí Abubakar Imam fún wa ni ìlú tí olùkọ́ ti bá ọmọ rin igbó. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú nóòtì ẹ̀kọ́ pé olùkọ́ yóò máa ka orí ọmọ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá dé, òun ni àgbà tó wà lọ́jà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín bá oníbọn jà. Iṣẹ́ ìjọba ni kí ó dáàbò bo ilé-ẹ̀kọ́, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù yẹn lé olùkọ́ nìkan lórí. Ohun tó kan olùkọ́ ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó: kí ó mọ iye ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, kí ó mọ ẹni tó wá mú ọmọ lọ, kí ó mọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà jáde, kí ó sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bí ó bá rí àjèjì tí ìrìn rẹ̀ kò yé e, kí ó má sì rán ọmọ níṣẹ́ jáde nínú ọgbà.

TA NI YÓÒ WÁ ṢE TI OLÙKỌ́?

Ẹ ti ń bi wá nínú ọkàn yín pé, ẹni tí a ń di gbogbo ẹrù yìí lé lórí, kí ni ó ń jẹ? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Wọ́n ti fi "èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run" tàn wá jẹ pẹ́. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ló sì gbà bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1931 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ N.U.T. sílẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́, kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan. Láti 1994 ni gbogbo ayé ti ń ṣe àyájọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá. Ní 1993 ni òfin dá àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ yìí lè dúró bí ti lọ́yà àti dókítà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sì ti sún ọdún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí 65, ó sì sọ ọdún iṣẹ́ di 40. Ọjọ́ orí tí a sún síwájú kì í ṣe oúnjẹ o. Kí á máa béèrè owó tó tọ́ kò tako kí á ṣe iṣẹ́ tó tọ́. Màmá tí a sọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìyanṣẹ́lódì ní gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ti ní kí wọ́n jókòó sílé. Bí wọ́n bá sì ti padà, kíláàsì wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbá.

Ẹ tún jẹ́ kí ó yé wa pé ojúṣe púpọ̀ kò sọ pé kí olùkọ́ dá a ṣe. Màmá kì í ṣe dókítà, wọ́n a máa fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọ́n a máa sọ fún ọ̀gá. Ohun tó jẹ́ tiwọn ni pé àwọn ló kọ́kọ́ rí i, wọn kò sì gbójú kúrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ kọ nóòtì yín fúnra yín. Ẹ tètè dé kí àwọn ọmọ tó dé. Ẹ mọ orúkọ wọn, kí ẹ má máa pe ọmọ ní "ìwọ tó wà lẹ́yìn". Ẹ wá àgbà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sún mọ́ ọn. Kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pẹ̀ka gbọ́dọ̀ mọ ibi tí igi ti ń dun.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá padà, a óò béèrè lọ́wọ́ yín bóyá A, B, D nìkan ni ẹ bá níbẹ̀. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire o.